Mítà Kan Àbọ̀: Bí Onímọ́tò àti Oníkẹ̀kẹ́ Ṣe Lè Jọ Lo Títì Ìlú Ọba

Kẹ̀kẹ́ tí a ń wí níbí kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwá o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, onítáyà méjì tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ wà. Ẹni tó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ̀nù, tó wá gbé ọkọ̀ jáde nígbà àkọ́kọ́, ohun tó máa yà á lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lójú títì, tí wọ́n á sì máa rìn láàárín ọ̀nà gbangba bí ẹni pé àwọn ló ni ín. Èyí tó tún máa yà á lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé òfin gbè sẹ́yìn wọn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń fi ọkọ̀ jẹun nílùú Ọba: takisí, bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ tó ń já ẹrù láti ilé dé ilé. Àwọn mìíràn ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri. Ẹlòmíì ń ṣe méjèèjì, ó ń wakọ̀ lọ́sàn-án, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lálẹ́. Ìdí nìyí tí a fi máa bá apá méjèèjì wí. Bí a bá tú ìjà wọn dé gbòǹgbò, àyè ni wọ́n ń jà sí. Onímọ́tò rò pé oníkẹ̀kẹ́ jókòó lé àyè òun. Oníkẹ̀kẹ́ sì mọ̀ pé tí òun bá fi àyè yẹn sílẹ̀, wọ́n á fún òun mọ́ bèbè títì.

Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde

Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ṣì ń ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 láti ọjọ́ tí ẹ bá ti di olùgbé Ìlú Ọba. Wọn kì í bá wa pààrọ̀ rẹ̀ sí tiwọn, ìdánwò lẹ máa ṣe. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò náà, kó máa ṣọ́ póìǹtì rẹ̀ (àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí láísẹ́ǹsì) bí ẹní ṣọ́ ẹyin fún ọdún méjì, torí póìǹtì 6 péré ti tó láti gba láísẹ́ǹsì náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà ti wakọ̀ fún ogún ọdún ní Nàìjíríà. Ìwakọ̀ aláìbìkítà, tí ọlọ́pàá bá fi ìtanràn parí rẹ̀, póìǹtì 3 ni pẹ̀lú £100. Fóònù lọ́wọ́ nídìí ọkọ̀, póìǹtì 6 pẹ̀lú £200. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ bá kọjá há oníkẹ̀kẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí, tàbí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá gbé fóònù, ẹ lè padà sídìí ìdánwò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìlú Ọba kò kúrò ní òsì. Ojú ẹni tó kọ́ ọkọ̀ ní Èkó ti mọ́ dígí ọ̀tún, torí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀kadà ti máa ń yọ síni. Nílùú Ọba, ọ̀tún lẹ jókòó sí nínú ọkọ̀, òsì lọ́hùn-ún ni oníkẹ̀kẹ́ wà, nínú dígí tí ẹ kì í yára wò. Kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kọ́ ọrùn yín: dígí òsì, kí ẹ wá yíjú wo èjìká òsì, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yà tàbí tí ẹ bá fẹ́ dúró.

Fèrè ńkọ́? Ní Èkó, fèrè ni ẹnu ọkọ̀. A fi ń kí èèyàn, a fi ń tọrọ ọ̀nà, a fi ń sọ pé "mo wà lẹ́yìn ẹ o", ẹni tí a fun ún sí kì í sì bínú. Nílùú Ọba, ìgbà tí ó bá pọn dandan kí ẹlòmíì mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ nìkan ni fèrè wà fún, wọn kì í sì í fun ún nígboro láti aago 11:30 alẹ́ sí aago 7 òwúrọ̀. Bó ti wù kí fèrè yín jẹ́ ti ìfẹ́ tó, "kúrò lọ́nà" ni oníkẹ̀kẹ́ máa gbọ́. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó lè ta gìrì, kó yíjú sí ọ̀tún láti wo ẹni tó wà lẹ́yìn, kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Ọ̀tún yẹn gan-an lẹ fẹ́ gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí onímọ́tò máa ń sọ nípa oníkẹ̀kẹ́, tó máa ń dá ìjà sílẹ̀: "Wọn kì í san owó títì." Ọdún 1937 ni wọ́n ti já okùn tó so owó ọkọ̀ mọ́ títì níbẹ̀. Àwọn títì ìgboro tí ẹ ti ń pàdé oníkẹ̀kẹ́, owó orí gbogbogbòò àti owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san fún káńsù ni wọ́n fi ń tún wọn ṣe, oníkẹ̀kẹ́ náà sì ń san méjèèjì. Ẹ fi àríyànjiyàn yẹn sílẹ̀, kò ní yanjú nídìí iná ojú pópó.

Bí a ṣe ń kọjá lára oníkẹ̀kẹ́

Ìwé ìlànà ojú títì wọn, Highway Code, ni kí ẹ rà tàbí kí ẹ kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni níbẹ̀. Wọ́n tún un ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2022. Ohun tó gbé kalẹ̀ ni pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ lè ṣeni léṣe jù ni ẹrù ìṣọ́ra rẹ̀ wúwo jù: tírélà ju ọkọ̀ kékeré lọ, ọkọ̀ kékeré ju kẹ̀kẹ́ lọ, kẹ̀kẹ́ náà ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ibi tí ìwé náà bá ti sọ pé "ẹ gbọ́dọ̀", òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó bá ti sọ pé "ó yẹ", ẹ lè má jẹ̀bi lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kóòtù lè fi gbé yín lẹ́jọ́. Abẹ́ "ó yẹ" yìí ni àyè tí à ń fún oníkẹ̀kẹ́ wà: ó kéré tán, mítà kan àbọ̀ tí eré yín kò bá ju máìlì 30 ní wákàtí, kó sì pọ̀ sí i bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká tẹ́ mítà kan àbọ̀ yìí sórí títì. Oníkẹ̀kẹ́ tó wà níbi tó yẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 sí àárín táyà rẹ̀ àti bèbè. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ọ̀tún tún yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ fi mítà kan àbọ̀ lé e. Ẹ wá fi ọkọ̀ yín lé e, ó tó mítà méjì tí ẹ bá ka dígí méjèèjì mọ́ ọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 4.55. Ojú ọ̀nà kan nígboro kì í sábà ju mítà mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀ lọ. Kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá tí ẹ ò fi ní bọ́ sí ojú ọ̀nà kejì, tí ọkọ̀ bá sì ń bọ̀ níbẹ̀, kò sáyè nìyẹn. Ìṣirò yìí kan náà ló dáhùn ẹjọ́ àwọn tó ń gùn ún ní méjì-méjì. Òfin gbà wọ́n láyè, wọn ò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín: ojú ọ̀nà kejì náà lẹ máa bọ́ sí, wọ́n tiẹ̀ ti gé gígùn ohun tí ẹ máa kọjá sí ìdajì.

Bí ẹ bá rí oníkẹ̀kẹ́ níwájú, ẹ kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Ní máìlì 20 ní wákàtí, mítà 12 ni ọkọ̀ máa jẹ kó tó dúró, ìyẹn gígùn ọkọ̀ kékeré mẹ́ta. Ní máìlì 30, mítà 23 ni. Oníkẹ̀kẹ́ lè ṣubú láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kòtò kékeré kan ti tó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo iwájú dáadáa. Ṣé kọ́nà ni? Ṣé òkè ni tí ẹ ò rí òdìkejì? Ṣé erékùṣù tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń dúró sí láàárín títì wà níwájú, tó mú kí ọ̀nà há? Ṣé iná pupa ló ń dúró dè yín ní ọgọ́rùn-ún mítà? Èyíkéyìí tó bá wà níbẹ̀, ẹ dúró sẹ́yìn. Tí ọ̀nà bá mọ́, ẹ wo dígí, ẹ fi tráfíkétọ̀ hàn, ẹ bọ́ sí ojú ọ̀nà kejì pátápátá bí ẹni tó ń kọjá lára mọ́tò, ẹ má fi táyà méjì há ilà àárín. Ẹ má tẹ iná ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n lé. Ẹ má sì tètè padà, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti pọ̀ jù: onímọ́tò ń fojú wo kẹ̀kẹ́ bí ohun tó dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ máìlì 15 ní wákàtí kì í ṣe nǹkan fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Ìgbà tí ẹ bá rí gbogbo kẹ̀kẹ́ náà, táyà iwájú rẹ̀ mọ́ ọn, nínú dígí òsì ni kí ẹ tó rọra wọlé padà.

Tí òjò bá rọ̀ tàbí tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ fi kún àyè náà. Ọkọ̀ akẹ́rù gíga ń dí atẹ́gùn lójijì, bó bá sì kọjá tán, atẹ́gùn á tún bá oníkẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, á gbé e yẹ̀. Ilà funfun méjì tí kò já láàárín títì ńkọ́? Ẹ lè gun ún láti kọjá lára kẹ̀kẹ́ tí eré rẹ̀ kò ju máìlì 10 ní wákàtí, tí ọ̀nà bá mọ́. Bí eré rẹ̀ bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ ní sùúrù.

Sùúrù yẹn kì í wọ́n tó bí a ṣe rò. Kí ẹ tẹ̀ lé oníkẹ̀kẹ́ tó ń sá máìlì 12 fún igba mítà máa gbà yín ní ìṣẹ́jú àáyá 37. Ká ní ẹ sá máìlì 30 ni, 15 ni. Ìṣẹ́jú àáyá 22 lẹ pàdánù, iná pupa tó wà níwájú á sì gbà á lọ́wọ́ yín bí ẹ tiẹ̀ jèrè rẹ̀.

Oríta, àti ojúure tó ń pani

Yíyà sí òsì ló ń pa oníkẹ̀kẹ́ nílùú Ọba bí yíyà sí ọ̀tún ṣe lè pa ọlọ́kadà lọ́dọ̀ tiwa. Onímọ́tò kọjá lára oníkẹ̀kẹ́, ó tẹ bíréékì, ó yà sí òsì níwájú rẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ tó ń lọ tààrà bá ilẹ̀kùn ọkọ̀ pàdé. Ìlànà tuntun sọ ọ́ kedere pé ẹni tó ń lọ tààrà ló lọ̀nà, ì báà wà nínú ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ì báà wà lójú títì. Tí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ máa yà láìpẹ́, ẹ má kọjá lára rẹ̀ rárá. Ẹ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ẹ fi tráfíkétọ̀ hàn, ẹ jẹ́ kó ré oríta kọjá, kí ẹ tó yà. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá pọ̀, tí wọ́n ń tò kọjá lọ́wọ́ òsì yín, ẹ dúró títí àyè á fi yọ.

Ti ọ̀tún tún yàtọ̀, ojúure ló sì sábà máa ń fà á. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà. Ẹ fẹ́ yà sí ọ̀tún kọjá níwájú àwọn tó ń bọ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan dúró, ó fi àyè sílẹ̀, ó ṣẹ́ iná sí yín: ó ní ẹ máa bọ̀. Inú yín dùn, ẹ dúpẹ́, ẹ sáré wọlé. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ́ iná yẹn kò wo òsì ara rẹ̀. Láàárín bọ́ọ̀sì àti bèbè, oníkẹ̀kẹ́ ń bọ̀ ní tirẹ̀. Kò rí yín, ẹ ò rí i, bọ́ọ̀sì dí yín lójú. Iná tí wọ́n ṣẹ́ sí yín kì í ṣe àṣẹ. Ẹ gba ojúure náà, ṣùgbọ́n ẹ rìn ín bí ìgbín: kí imú ọkọ̀ yọ díẹ̀ kọjá igun bọ́ọ̀sì, kí ẹ dúró, kí ẹ wo inú àyè òsì yẹn, kí ẹ tó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíì náà, ẹ wo dígí òsì kí ẹ tó ṣẹ́ iná fún un.

Àpótí tí wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ sí níwájú iná ojú pópó, kì í ṣe tiwa. Ilà àkọ́kọ́ ni kí ọkọ̀ dúró sí tí iná bá ti pọ́n.

Ilẹ̀kùn

Ilẹ̀kùn tí a ṣí lójijì mọ́ oníkẹ̀kẹ́ lè ná onílẹ̀kùn ní ìtanràn tó tó £1,000, ká tó sọ ti ilé ìwòsàn. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn púpọ̀: ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ni kí ẹ fi ṣí i. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ jókòó ní ọ̀tún, ẹ na ọwọ́ òsì kọjá àyà yín dé orí ilẹ̀kùn. Èjìká yín á yí, orí yín á bá a yí, ojú yín á sì bọ́ sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹ rántí. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nísinsìnyí lórí àga, ẹ máa rí i.

Ẹ̀yin onítakisí, èrò ẹ̀yìn ni wàhálà tiyín. Ó ti ń pẹ́ lọ, ó ti ń tẹ fóònù, ọkọ̀ kò tíì dúró tó ti di ilẹ̀kùn mú. Ẹ dúró sí bèbè gan-an, kí àyè má ṣẹ́kù tí oníkẹ̀kẹ́ á fi rò pé òun lè gbà á kọjá lósì. Kí ẹ wo dígí méjèèjì, kí ẹ sọ fún èrò kó tó sọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, kẹ̀kẹ́ ń bọ̀." Bí kẹ̀kẹ́ ò bá sí, ẹ ní kó sọ̀ lọ́wọ́ òsì.

Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́

Ìlànà sọ pé kí ẹ jìnnà sí bèbè ní ìdajì mítà ó kéré tán, lójú títì tí ọkọ̀ ti ń sáré. Ẹ̀rù ló máa ń lé ẹni tuntun wọ inú gọ́tà. Nínú gọ́tà ni ìgò fífọ́, ìdérí kòtò àti omi wà, ibẹ̀ ló sì ń pe onímọ́tò pé "gbà mí kọjá níbí, àyè wà". Tí ọ̀nà bá há, tí ẹ bá ń sún mọ́ oríta, tàbí tí ọkọ̀ ń rìn jẹ́jẹ́, ẹ bọ́ sí àárín ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ fi mítà kan sílẹ̀ lára rẹ̀ nítorí ilẹ̀kùn. Ẹ má máa wọ àárín ọkọ̀ méjì kí ẹ tún máa jáde bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ, torí ìgbà tí ẹ bá ń jáde ni ẹni ẹ̀yìn kò ní retí yín.

Kí ẹ tó yí ipò padà, ẹ bojú wẹ̀yìn. Kì í ṣe fífẹ́ ojú lásán: ẹ wò títí ẹ ó fi rí ojú awakọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tiyín, ó ṣòro fún un láti há yín mọ́ bèbè. Ẹ na ọwọ́, ẹ wá yà. Tí ọkọ̀ bá ti tò pọ̀ lẹ́yìn yín lójú ọ̀nà tóóró, ẹ dúró díẹ̀ níbi tó gbà yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ọwọ́ tí ẹ bá gbé sókè láti dúpẹ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Ohun kan wà tí a ò gbọdọ̀ fi ṣeré: ẹ má wọ àárín tírélà àti bèbè ní oríta láé, ì báà dúró gbagidi, ì báà jẹ́ pé ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n yà síbẹ̀. Tí tírélà bá ń yà sí òsì, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ táyà iwájú. Ó ń gé inú kọ́nà, ó sì ń pa àyè tí ẹ wà rẹ́. Tí ẹ ò bá rí ojú dírẹ́bà nínú dígí rẹ̀, òun náà ò rí yín. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí tó fi yọ: òfin ni. Nígbà òtútù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ máa ń ṣú níbẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ máa délé kó tó ṣú. Bíréékì méjì ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ fọn táyà dé ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Bí ẹ bá já iná pupa tàbí tí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní England, £50 ni ọlọ́pàá lè gbà. Ìyá àgbà tó ń bọ̀ láti ọjà kò mọ̀ pé ẹ ń sá fún mọ́tò ni. Kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ kọ lù ú ló rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé oúnjẹ kiri, ẹ ṣọ́ra fún kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí wọ́n ti tú wáyà rẹ̀ tún ṣe. Èyí tí òfin kà sí kẹ̀kẹ́, agbára mọ́tò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wáàtì 250 lọ, ìrànwọ́ bátìrì gbọ́dọ̀ dá dúró ní máìlì 15.5 ní wákàtí, ẹni tó ń gùn ún gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 14. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀kadà ni lójú òfin: ó nílò nọ́ńbà, láísẹ́ǹsì àti ìnṣọ́ránsì. Ọlọ́pàá lè gbé e lọ, kí wọ́n sì gba £300 àti póìǹtì 6 nítorí ìnṣọ́ránsì, póìǹtì yẹn yóò sì dúró de láísẹ́ǹsì mọ́tò tí ẹ ò tíì gbà pàápàá.

Tí ìbínú tàbí ìjàǹbá bá dé

Ẹ má sọ̀ nínú ọkọ̀ láti lọ bá a wíjọ́ lójú iná. Ẹ má ti dígí sísàlẹ̀ bú u. Kámẹ́rà wà lórí akoto rẹ̀, ó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn yín, èébú Yorùbá pàápàá máa rí ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ náà, kó má fi ọwọ́ lu òrùlé ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà tí ì bá tán lẹ́nu ni ìró yẹn ti sọ di ìkúùkù.

Tí ẹ bá kọ lu ara yín, òfin ní kí onímọ́tò dúró, kó sọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ọkọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fara pa, ẹ pe 999, kí ẹ má gbé e kúrò nílẹ̀ àfi tí ewu mìíràn bá ń bọ̀. Tí ẹ ò bá rí àyè pààrọ̀ orúkọ, ẹ gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ọlọ́pàá kí wákàtí 24 tó pé. "Kò ṣe mí ní nǹkan kan" tí oníkẹ̀kẹ́ sọ lójú ẹsẹ̀ kò tó; ara tó gbóná kì í tètè mọ ìrora, ẹ pààrọ̀ orúkọ bó ti wù kó rí. Ẹ ya fọ́tò ibi tí táyà wà, ilà ojú títì, àti ohun tó bàjẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ tí ọkọ̀ gbá, tí awakọ̀ náà sì sá lọ, Motor Insurers' Bureau, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀, wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa béèrè bóyá ó ti sọ fún ọlọ́pàá.

Ẹni tí wọ́n há mọ́ bèbè láìkọ lù, tó sì ní fídíò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sórí ìkànnì ọlọ́pàá àdúgbò náà lọ́jọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì. Ọjọ́ 14 péré ni wọ́n ní láti fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọkọ̀. Kó má gé e: wọ́n máa ń fẹ́ rí ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e. Kí nọ́ńbà ọkọ̀ hàn, kó kọ orúkọ títì àti aago sí i, kó má sì kọ́kọ́ pín in lórí WhatsApp.